Odidi Tí Kò Pé

Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Greenspoint, àdúgbò kan ní àríwá Houston, yóò bá "whole" pàdé níbi gbogbo. "Whole chicken" kò le: odidi adìẹ ni. "Whole wheat" náà yéni: àlìkámà tòun ti eèrí rẹ̀.

"Whole milk" ló ń dààmú èèyàn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọ̀rá inú rẹ̀ má dín sí 3.25%. Ìdá mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, òun ni wọ́n ń pè ní odidi!

Láyé àtijọ́, "hal" ni wọ́n ń kọ "whole", ó sì tún túmọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà tó yá ni wọ́n fi "w" tí ẹnikẹ́ni kì í pè kún un. Títí dòní, bí wọ́n ṣe ń pe "whole", odidi, ni wọ́n ń pe "hole", ihò.

Ará Amẹ́ríkà tún máa ń la "another" sí méjì, á ki "whole" bọ àárín rẹ̀: "a whole nother". Odidi wá dọ̀bẹ!

Àmọ́ kí Yorùbá má tíì rẹ́rìn-ín. Màmá tí ọmọ rẹ̀ kò kí láàárọ̀ yóò figbe ta: "A whole me!" Òyìnbó á wò ó títí. "Odidi èmi!" ni màmá ń sọ.