Ẹ̀tẹ̀ Ń Bẹ ní Tánkì, Làpálàpá Là Ń Pa

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí rò pé àìmọ̀kan ló ń da irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàmú. Wọ́n rò pé bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ hàn án, tó ní, "Wo ẹ̀tẹ̀ níbí o," ojú á tì í, á sì sọ oògùn làpálàpá nù. Mo júbà wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé láyé ìgbà tí wọ́n ń ta oògùn làpálàpá ní gbogbo ìkòríta. Lónìí, ẹni tó ń pa làpálàpá ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti ní ọmọ iṣẹ́, ó ti ra ẹ̀rọ tó ń tanná. Ẹ̀tẹ̀ ni kò ní oníbàárà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ dúró sí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn láàárọ̀, ní ọjọ́ tí mọ́tò ẹnìkan bá yarí pé òun ò ní ṣíná.

Èyí tí mo rí, mọ́tò kékeré ni, ti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì. Bàbá náà ń lọ síbi ìkómọ lápá Ọjà'ba, ó sì fẹ́ gba òkè Mápó kọjá. Bó ṣe ní kóun máa gun òkè ni mọ́tò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì bá a tì í sẹ́bàá ọ̀nà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì ń yí, gìrìgìrì, gìrìgìrì, kò mú. Ohùn yíyí náà le, kò rẹ̀wẹ̀sì rárá. Ẹni tó bá létí ti mọ̀ pé bátìrì ò jẹ̀bi, nítorí bátìrì tó ti kú kì í lágbára láti yí ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ráyè etí? Awakọ̀ takisí Máíkírà kan ti bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, bátìrì ni. Irú ẹ̀ ṣe mí lánàá."

"Bátìrì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lóṣù tó kọjá?"

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, sà. Ẹ má bínú."

Wọ́n yá bátìrì, wọ́n fi wáyà so ó pọ̀. Gìrìgìrì. Ni rewáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, bá dé láti Bẹyẹrúnkà, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo sún mọ́ ọn wò wọ́n: wọ́n gbẹ táútáú. Kò sí òórùn epo lára ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀rí tó yẹ kó parí ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tó ti yí títí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí epo ti rin orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gbingbin. Bó bá tutù tí kò sì ṣíná, ẹ máa wá iná lọ. Bó bá gbẹ, epo ni kò dé ibẹ̀. Rewáyà mú ọ̀kan sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe gbó?" Ó ní kí bàbá ra tuntun. Bàbá ra tuntun.

À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ọmọkùnrin kan yọ sikáànì jáde nínú báàgì, ó tì í bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń wo fóònù rẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́ ká lè gbọ́ ohun tí Ifá fọ̀. Fóònù sọ nǹkan nípa sẹ́ńsọ̀ kan lára ẹ́sọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin náà mi orí, ó ní ó ku díẹ̀ kí búrénbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, ó bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló pa ẹ́sọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ mọ́tò tí kò tíì rí epo mu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí: sikáànì kì í rí ohun tí kò sí sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ tí à ń wà n'Ìbàdàn ni kò ní sẹ́ńsọ̀ kankan tó ń wọn ipá tí epo fi ń jáde. Pọ́ọ̀ǹpù lè ti kú pátápátá, kí sikáànì ṣì máa kí yín pé ẹ kú oríire.

Ẹnìkan ti gbé ike bẹntiróòlù dé báyìí, ó fẹ́ da díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ọlọ́run ló yọ irùngbọ̀n gbogbo wa.

Mẹkáníìkì àgbà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó ló ya sọ́dọ̀ wa. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Ẹ pa rédíò yẹn." Ó wọlé, ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó tẹ orí ba. "Tíṣà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn. Ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀." Ní ojú ẹsẹ̀ yẹn, bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, pọ́ọ̀ǹpù tó wà nínú tánkì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ké wùùùn kó tó dákẹ́: ó ń ti epo síwájú de ẹ́ńjìnì nìyẹn. A ò gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ tún un ṣe." A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó yọ fíúsì wò, fíúsì ò já. Ó yọ rìléè họ́ọ̀nù, ó fi í sáyè ti pọ́ọ̀ǹpù, nítorí irú kan náà ni wọ́n. Bákan náà ni. Ó ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó fi tẹ́sítà kan wáyà tó wọ orí tánkì, iná dé ibẹ̀ dáadáa. Ó wá ní kí rewáyà fi pátákó gbá ìdí tánkì lábẹ́ mọ́tò, kó rọra gbá a. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, Tíṣà sì tún yí kọ́kọ́rọ́.

Wùùùn.

Mọ́tò ṣíná. Gbogbo Bẹẹrẹ hó yèè. Awakọ̀ Máíkírà ní, "Ṣé mo sọ pé bátìrì ni!" Bàbá tíṣà san owó bátìrì tí wọ́n yá, ó san owó púlọ́ọ̀gì, ó san owó títítú, ó san owó sikáànì. Ó wá yíjú sí àgbà mẹkáníìkì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á bá wa san án." Ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Kí ni ọkùnrin náà tà fún un tí a lè fojú rí? Kò tú nǹkan kan kó sílẹ̀, kò tan ẹ̀rọ kankan. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó jókòó, ó sì dákẹ́.

Ohun tí mo ń sọ nípa òwe náà gan-an nìyí. A ò fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé a ò rí i. Gbígbẹ púlọ́ọ̀gì wà lójú gbogbo wa. Làpálàpá la yàn, torí òun ló ní ohun tá a lè rà, tá a lè pààrọ̀, tá a sì lè gbé dé ilé fún ìyàwó wò pé ibi tí owó lọ rèé. Oríkì Ìbàdàn ní ibẹ̀ lolè gbé ń jàre olóhun. Ẹ fi kún un pé ibẹ̀ náà ni aláìsàn gbé ń sanwó oògùn àìsàn tí kò ṣe é.

Kí àgbà náà tó máa lọ, ó kìlọ̀ fún bàbá pé búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iná wọnú pọ́ọ̀ǹpù ti jẹ tán, kó má pa ẹ́ńjìnì títí á fi dé Àràròmí ní Géètì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó wá bi í pé, "Epo èló lẹ máa ń rà sí i lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nígbà mìíràn, méjì. Kí ni n bá ti ṣe?"

Ibi tí ẹ̀tẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Inú epo ni pọ́ọ̀ǹpù ń gbé, epo náà ló sì ń tù ú lára. Bí tánkì bá ń gbẹ lójoojúmọ́, ooru ló ń jẹ pọ́ọ̀ǹpù. Bí a bá wá fi epo tíńtín gun òkè Mápó, epo á sáré lọ sẹ́yìn, á fi ẹnu pọ́ọ̀ǹpù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà. Àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè náà, tí wọ́n ṣí i ní 1929, kò fi ti tánkì olówó kékeré kún ìṣirò wọn. Ṣáájú May 29, 2023, tí ààrẹ tuntun fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ń ra ju lítà 15 lọ. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, bíi lítà mẹ́ta ni. Ìjọba ò fọwọ́ kan pọ́ọ̀ǹpù bàbá, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe jóná.

   

Kò yẹ ká máa fi bàbá tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Epo rọ̀bì kún inú ilẹ̀ wa, ìyẹn tánkì. Ilé ìfọpo mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ ìjọba: Port Harcourt ní 1965, Warri ní 1978, Kaduna ní 1980, Port Harcourt kejì ní 1989. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pé, àgbá 445,000 ló yẹ kí wọ́n máa fọ̀ lójúmọ́. Àwọn ni pọ́ọ̀ǹpù wa, wọ́n sì ti dákẹ́ tipẹ́. Kí la ṣe? A pààrọ̀ mínísítà, a pààrọ̀ ọ̀gá àgbà, a gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ní oṣù keje 2022, a sọ NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, di ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò, ìyẹn púlọ́ọ̀gì tuntun. Ní oṣù kẹta 2021, wọ́n ti fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún àtúnṣe ti Port Harcourt. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2024, wọ́n ní ó ti ṣíná, àwọn oníkámẹ́rà péjọ, a hó yèè. Oṣù karùn-ún 2025, wọ́n tún tì í pa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe.

Ti Dangote ní Lẹ́kí ń fọ̀ ní tirẹ̀, bẹntiróòlù sì ti ń jáde níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2024. Mo kí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ láti Atlas Cove l'Ékòó, tó gba Mósímí wá sí Àpáta níhìn-ín kó tó kọjá sí Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń bẹ́ ọ̀pá fi sọ ọ́ di ohun tí epo kì í gbà. Ọkọ̀ àjàgbé ló ń rù ú wá, ojú títì sì ń sanwó rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oṣù kejì 2022. Ẹ rántí ìlà epo tó gùn lóṣù náà àti àwọn ọkọ̀ tó ń kú lójijì. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkóso epo jáde, wọ́n ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú bẹntiróòlù kan tó wọlé. Ọ̀gá NNPC tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì, ó ní láti Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ẹrù náà ti wá. Mẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fa omi mọ́ra. Bí omi bá sì ti pọ̀ tó, òun àti omi náà á jọ yapa kúrò lára epo, wọ́n á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ tánkì, níbi tí pọ́ọ̀ǹpù fi ẹnu sí gan-an. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tún ń jẹ àwọn rọ́bà kan tí epo ń gbà kọjá. A bi NNPC pé, báwo lẹ ṣe jẹ́ kó wọlé? Ìdáhùn wọn wà nínú àkọsílẹ̀: wọ́n yẹ epo náà wò ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó gúnlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mẹ́tánọ́ọ̀lù kò sí lára àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe. Wọn ò parọ́ fún wa o. Gbogbo ohun tí wọ́n wò ló dára.