Oòrùn Agboyi àti Oòrùn Aso Rock

Iná sólà ni iná tí wọ́n ń fà yọ láti ara oòrùn. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: páńẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé, ínfátà lára ògiri, bátìrì nílẹ̀, àti ọlọ́lá kan tí yóò fi àlùmọ́gàjí gé ríbọ́ọ̀nù. Ní Nàìjíríà, èlò kẹrin yìí ló lágbára jù. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára lè lo ogún ọdún ó lé, bátìrì olómi kì í sábà kọjá ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n fọ́tò àlùmọ́gàjí kì í kú, kódà bí wọ́n bá ti jí páńẹ́ẹ̀lì lọ.

Òfin iná mànàmáná ọdún 2005 ló fún àjọ Rural Electrification Agency, REA, ní iṣẹ́ gbígbé iná lọ sí ìgbèríko. Owó kọ́ ló wọ́n wọn. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 350 mílíọ̀nù dọ́là ní 2018. Ní oṣù Kejìlá 2023, ó tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù mìíràn fún ètò tí wọ́n pè ní DARES, tí wọ́n ní yóò mú iná dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 17.5. Owó yíyá ni. Ọmọ tí wọn kò tíì bí ni yóò san án, ṣùgbọ́n bí ètò náà bá yọrí, yóò kúkú rí iná fi ka iye tó jẹ.

Ibi tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ yìí bó ti yẹ, ó ń dára. Ní abúlé Gbamu-Gbamu, láàárín oko kòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú East ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iṣẹ́ Rubitec gbé ẹ̀rọ sólà 85 kilowáàtì kalẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2018. Páńẹ́ẹ̀lì ń gba oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì ń pa á mọ́ di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn de ọjọ́ òjò, mítà alásansílẹ̀ sì ni oníkálukú ń lò. Àbùkù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹyọ iná rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju ti ìlú ńlá lọ, nítorí pé ọwọ́ àgbẹ̀ ìwọ̀nba ni ẹni tó gbé e wá ti fẹ́ gba owó bátìrì rẹ̀ padà. Báyìí ni ẹni tó ń fi iná tan gílóòbù méjì ṣe ń san owó ẹyọ kan ju ẹni tó ń fi í mú yàrá mẹ́fà tutù lọ.

Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ní Èkó, náà ní ìgbèríko tirẹ̀. Agboyi ni, lórí omi, níbi tí ẹni tó dúró ní etí odò Kétu ti lè fi ojú rí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kọjá síbẹ̀, aláboyún àti ọmọ iléèwé pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè sílẹ̀ ní 2003, wọ́n fi orúkọ Agboyi sọ ọ̀kan nínú wọn, Agboyi-Kétu, wọ́n sì kọ́ sẹkitéríàtì rẹ̀ sí Alápẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Orúkọ Agboyi ti gòkè odò tipẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ló kù.

Ìṣòro irú ibi báyìí ni pé kò yẹ fún fọ́tò. Ìgbèríko tí ìjọba mọ̀ ní ọ̀nà alámọ̀ pupa, ọmọdé tí kò wọ bàtà, àti àyè tí jíìpù mẹ́wàá lè gúnlẹ̀ sí. Jíìpù kò mọ odò Agboyi wẹ̀. Ó sún mọ́ Èkó jù láti jẹ́ abúlé, ó sì jìnnà sí àfiyèsí jù láti jẹ́ ìlú. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn ń ràn lórí rẹ̀, ní Kòsọ́fẹ́ níbí.

Ìgbèríko tó bá gbogbo ìlànà mu wà ní Abùjá. Ní oṣù Kejì 2024, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná níbẹ̀ gbé orúkọ àwọn onígbèsè jáde nínú ìwé ìròyìn, orúkọ Aso Rock, ilé ààrẹ, sì wà lára wọn pẹ̀lú gbèsè tó ju ₦923 mílíọ̀nù lọ. Wọ́n tún ìṣirò ṣe, ó sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi ₦342 mílíọ̀nù, ààrẹ sì ní kí wọ́n san án. Ará Kétu tó ti gbé bíìlì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NẸ́PÀ rí, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ san án ná kó tó ṣàròyé, yóò mọ̀ pé oríṣìí ìṣirò kan wà tí wọn kì í bá gbogbo ènìyàn ṣe. Nínú ìṣúná ọdún 2025, wọ́n ya ₦10 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti fi sólà sí Aso Rock. Nígbà tí ariwo sọ, Abba Aliyu, ọ̀gá àgbà REA, ṣàlàyé ní oṣù Kẹrin ọdún náà pé White House ní Amẹ́ríkà náà ń lo sólà. Ẹ̀rí náà péye. Aso Rock jẹ gbèsè iná, iná NẸ́PÀ kò tó o, ó wà nítòsí àpáta ńlá, ọ̀gá àjọ ìgbèríko sì dìde gbèjà rẹ̀. Kò sí àmì abúlé tó kù tí kò ní, àyàfi kòkó.

Àwọn aṣòfin kò gbẹ́yìn nínú ìfẹ́ ìmọ́lẹ̀. Àjọ BudgIT, tó máa ń tú ìwé ìṣúná wò, sọ ní 2025 pé iṣẹ́ 11,122 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kì bọ inú ìṣúná ọdún náà, iye owó wọn sì jẹ́ ₦6.93 tírílíọ̀nù. Iṣẹ́ òpó iná ojú pópó nìkan jẹ́ 1,477, ní ₦393.29 bílíọ̀nù. Ti kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2,122, ní ₦505.79 bílíọ̀nù. Òpó sólà ojú pópó ní àǹfààní tí kò sí nínú iṣẹ́ mìíràn: ó ga, orúkọ ènìyàn gbà á, àwọn tó ń jí bátìrì sì mọ ibi tó wà láì béèrè.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì ìgbèríko, ojú ọ̀run ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Google fi bàlúùnù gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sókè nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Loon. Ní 2020, àwọn ará Kenya rí i lò, ní oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa á tì nítorí owó. Starlink wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 2023, kò sì sí ibì kan ní Áfíríkà tó dé ṣáájú. Nígbà náà, ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ₦268,584, owó oṣooṣù rẹ̀ jẹ́ ₦19,260, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù jẹ́ ₦30,000. Olùkọ́ abúlé tó ń gba iye yẹn lè rà á nígbà náà bí kò bá jẹun fún oṣù mẹ́sàn-án. Ètò ìjọba ní kí íntánẹ́ẹ̀tì alágbára dé ìdá 70 nínú 100 nígbà tí 2025 bá fi máa parí. Nígbà tí ọdún náà dé ìdajì, kò tíì dé 50. Ará ìlú ńlá pàápàá kò gbọdọ̀ fọ́nnu: ní oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Èkó. Gbogbo Nàìjíríà di oko lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí oòrùn yìí ì bá ti wúlò jù ní Kòsọ́fẹ́ ni ọjà Mile 12. Tòmátì ń ti Kano àti Katsina bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ fi ń di ọbẹ̀ kó tó dé ìkòkò. Ohun tó bá fọ́, ẹ̀sà ni wọ́n ń pè é, owó pọ́ọ́kú ni. Ìṣirò tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni pé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 tòmátì tí Nàìjíríà ń kórè ló ń ṣòfò. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe àdììtú: ilé iṣẹ́ ColdHubs tó bẹ̀rẹ̀ ní Owerri ń kọ́ yàrá tútù oní-sólà sí ọjà, oníṣòwò ń san owó díẹ̀ lórí àpótí kan fún ọjọ́ kan. Dípò ìyẹn, ìbáwí ni ẹlẹ́ja dídì ọjà náà rí gbà. Ní oṣù Kẹrin 2024, bí owó ẹyọ iná àwọn oníBand A, tí iná wọn yẹ kó pọ̀ jù, ṣe di ₦225, Adébáyọ̀ Adélabú, mínísítà iná, ní àwọn ènìyàn ń tan fírísà sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ nítorí pé owó iná kò wọ́n tó. Ẹlẹ́ja tí iná ń lọ kí ẹja rẹ̀ tó dì kò mọ fírísà tí wọ́n ní kó pa.

Àwọn tó gbé sólà wọ Kétu àti Ìkòsì kì í ṣe àjọ kankan. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróò ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023 ni télọ̀, onígbàjámọ̀ àti aláago ti ń fi owó àjọ tí wọ́n dá ra páńẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ìjọba kíyè sí i ṣá: ní oṣù Kẹta 2025, Uche Nnaji, tó jẹ́ mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, ní àwọn fẹ́ fi òfin de kíkó páńẹ́ẹ̀lì wọlé láti òkèèrè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù fún aṣojú Kòsọ́fẹ́ ní Abùjá. Kí wọ́n wá iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ òpó iná 1,477 yẹn tó lè sọdá odò sí Agboyi, àti ọ̀kan tó lè di yàrá tútù ní Mile 12. Ọkọ̀ ojú omi wà ní Kétu, owó rẹ̀ kò sì tó bílíọ̀nù. Kí wọ́n má gbàgbé bátìrì.