Àgbéyẹ̀wò Ìjìnlẹ̀ lórí Mímúra Sílẹ̀ fún Jẹ́ómẹ́tírì Àwọn Onífísíìsì

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kò tíì sí ẹ̀dá tó múra tán rí fún jẹ́ómẹ́tírì gíga tí àwọn onífísíìsì ń lò. Àwọn tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ kò já èrò yìí ní koro. Ńṣe ni wọ́n wọlé láìmúra tán.

Ohun tí à ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́, tí fóònù rẹ̀ sì kún fún PDF ju èyí tí ọjọ́ ayé rẹ̀ lè gbà lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Gravitation, tí Misner, Thorne àti Wheeler gbé jáde lọ́dún 1973, tí ojú ìwé rẹ̀ lé ní 1,200. Òòfà ilẹ̀ ni ìwé náà dá lé lórí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀dà onípépà rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ka general relativity, tíọ́rì Einstein lórí òòfà ilẹ̀. Ìwé ní kó lọ mọ tensor ná. Ìwé tensor ní òun ti gbà pé ó mọ manifold. Ti manifold béèrè topology lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé topology kò béèrè ohunkóhun, àfi kí òǹkàwé ti gbó nínú ìṣirò, èyí tí kò sí ìwé tó ń kọ́ni, tí wọn kì í sì í tà lọ́jà. Ó bá padà sídìí linear algebra tó ti gba A nínú rẹ̀, ó sì rí i pé òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní vector mọ́.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ti ní àlàyé fún èyí láti ọdún 1917, láti ọwọ́ Tullio Levi-Civita. Ká ní ènìyàn dúró ní ìkangun àríwá ayé, ó na ọfà kan síwájú, ó rìn dé agbedeméjì ayé, ó fẹ̀gbẹ́ rin ìdámẹ́rin àyíká rẹ̀, ó tún gòkè padà sí àríwá, tí kò sì yí ọfà náà rárá lójú ọ̀nà. Tó bá débẹ̀, ọfà ti yà kúrò níbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ní dígírì 90. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fi ń wọn bí ojú ilẹ̀ ṣe tẹ̀ tó. A wọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ́ẹ̀: ó kúrò nídìí linear algebra, ó kọjú sí físíìsì, nígbà tó padà débẹ̀, iṣẹ́ báńkì ló kọjú sí. Kò sì yẹsẹ̀ níbì kan. Ìwé tó ń kà ló tẹ̀.

Ìtàn kín wa lẹ́yìn. Nígbà tí Bernhard Riemann ń wá àyè láti máa kọ́ni ní Göttingen lọ́dún 1854, àkòrí mẹ́ta ló gbé síwájú ọ̀gá rẹ̀, Gauss. Méjì àkọ́kọ́ ló múra fún. Gauss mú ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni gbogbo jẹ́ómẹ́tírì yìí ti ṣẹ̀. Ti Einstein tilẹ̀ tún lé: nígbà tó wà nílé ìwé, nóòtì ìṣirò ọ̀rẹ́ rẹ̀ Marcel Grossmann ló fi ń múra ìdánwò, nígbà tó padà sí Zürich lọ́dún 1912, tí òòfà ilẹ̀ dà á láàmú, ọ̀dọ̀ Grossmann kan náà ló gbà lọ. Ọ̀rẹ́ náà fi iṣẹ́ Riemann, Ricci àti Levi-Civita hàn án, ó sì rí i yanjú ní 1915. Yang àti Mills, onífísíìsì méjì, ní tiwọn gbé tíọ́rì tí à ń fi orúkọ wọn pè jáde ní 1954. Ó tó bí ogún ọdún kí onímọ̀ ìṣirò James Simons tó kọ́ Yang ní jẹ́ómẹ́tírì fibre bundle ní Stony Brook, tó wá yé Yang pé ohun tí òun ti ń lò látọjọ́ yìí nìyẹn. Ìmúrasílẹ̀ dé lẹ́yìn iṣẹ́. A ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Riemann tensor, tí wọ́n fi ń wọn títẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú dímẹ́ńṣọ̀n mẹ́rin, nọ́ńbà 256 ló ní. Tí a bá yọ àwọn tí a lè rí lára àwọn yòókù, 20 ló kù. Ẹni tó kọ gbogbo 256 kó tó gbọ́ èyí ni à ń pè ní aláápọn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ti lọ jẹun.

Ó ku ìyá akẹ́kọ̀ọ́, tó ń béèrè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú pé, "Ṣé o ti múra tán?" Ìdáhùn tí wọ́n máa ń gbà ni, "Màmá, ó kù díẹ̀." A gbé "díẹ̀" yìí yẹ̀ wò nínú ìṣirò tí Minkowski gbé kalẹ̀ ní 1908: nínú dímẹ́ńṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkókò nìkan ni àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. A ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní ká bá àwọn béèrè bóyá fọ́ọ̀mù ti sé.