Bí Mo Ṣe Pe Ara Mi Lẹ́jọ́

Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn Ìsọlọ̀ Industrial Estate mọ̀ pé ojú ọ̀sán kì í jẹ́ kí etí gbọ́ràn. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, tírélà ń fun fèrè lójú títì Òṣòdì sí Àpápá, tó bá wá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń ná ọjà Aswani, ariwo di ilọ́po. Bí omi bá ń ṣòfò nínú ilé rẹ, wàá pẹ́ kóo tó gbọ́. Mo tètè sọ èyí nítorí pé orí mi ni ọ̀rọ̀ yìí máa dà lé, mo sì ń wá nǹkan tí mo máa fẹ̀yìn tì.

Omi ìjọba kẹ̀? Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lójúde wa o. Aṣọ la ń sá sí i. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù ti wà láti ayé òyìnbó, wọ́n ṣí ti Àdìyàn ní 1991, ṣùgbọ́n bọ́họ́ọ̀lù ni gbogbo ilé wa gbójú lé: súmò á fa omi sínú táǹkì GeePee, ó di ilé kálukú. Súmò yìí ní mítà tirẹ̀, a sì máa ń pín owó iná rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àfìgbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n fowó lé iná àwọn tó wà ní Band A, tí yúníìtì kan fò láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí 225. Àwa náà wà níbẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta, mo tún fi jàrá sí i, owó tó ń jáde lápò wa ṣì ju ìyẹn lọ.

Mo bá dojú kọ Ìyá Ìbejì tó ń gbé lókè, tó ń ta sóbò. Ojoojúmọ́ ló ń fọ ike. Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ̀ ń fi omi gbogbo wa ṣe sóbò, ẹ tún ń tà á fún wa."

Ó wò mí. "Bọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ mu lánàá, ẹ ò tíì sanwó ẹ̀."

Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, mo gba ọ̀nà òfin lọ. Mo wá Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó sórí fóònù, èyí tí Fashola fọwọ́ sí ní 2011. (Òfin náà yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ó jọ pé olówó kì í yá ilé gbé.) Mo pe mítìn, mo dìde láàárín àgbàlá, mo sì kà á sí lánlọ́ọ̀dù létí pé òun ló gbọ́dọ̀ máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo wa jọ ń lò ṣe. Mo ní táǹkì ń jò, mo ní páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ́, kí Bàbá onílé dá owó wa padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Lọ́yà! Lọ́yà!" Orí mi wú. Apá tó kan ayálégbé ni mi ò kà, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣáájú nínú ìwé: kí ó tọ́jú ilé tó gbà, kí ó má sì yí nǹkan kan padà níbẹ̀ láìgbàṣẹ onílé ní kíkọ.

Bàbá ò janpata. Wọ́n ní kí n lọ wá púlọ́ńbà fúnra mi, kí n má bàa sọ pé àwọn gbé ti àwọn wá. Mo mú èyí tó mọṣẹ́ jù ní Ìlasamájà wá. Ká ní mo mọ̀, ọ̀lẹ ni ǹ bá mú.

Ọkùnrin náà gun ibi táǹkì lọ, ara rẹ̀ gbẹ. Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbi tí páìpù gbà, ó le. Ló bá tọrọ búlúù ìfọṣọ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, ó ń bu ú díẹ̀díẹ̀ sínú táǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé kọ̀ọ̀kan, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọmi ṣàn án. Tèmi ló kẹ́yìn. Gbogbo ilé rọ́ tẹ̀lé e wọlé, tọmọdé tàgbà, a rọ̀gbà yí àwo ìyàgbẹ́ mi ká. Kò pẹ́, okùn búlúù tín-ín-rín kan yọ lábẹ́ etí àwo, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú, títí omi ìsàlẹ̀ fi yí àwọ̀ pátá. Ọmọ kan pàtẹ́wọ́.

Púlọ́ńbà ṣí ìdérí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Mo ti yọ táǹkì tí Bàbá fi sílé, mo lọ ra òmíràn lọ́jà Ọ̀dúnadé ní Orílé nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ bá kọ́tìnì mi mu, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí mo rí i pé omi rẹ̀ kì í kún tó, mo fi ọ̀rá píọ̀wọ́tà so bọ́ọ̀lù géèjì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè máa kún dáadáa. Ó ń kún dáadáa lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ò lè léfòó mọ́, kò rí ẹnu omi tì, ni omi bá ń gba páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ bọ́ sínú àwo tọ̀sán-tòru. Mo máa ń gbọ́ ọ lóru. Ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa ni mo máa ń ṣépè fún.

Bàbá ní kí n mú fóònù mi wá. "Lọ́yà, ka èyí tí o fò."

Mo kà á. Ohùn mi ò lọ sókè tó ti mítìn. Mo ní òfin yìí kan náà gbà pé nǹkan lè gbó fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n dá ayálégbé lẹ́bi ìyẹn. Púlọ́ńbà gbé ọ̀rá píọ̀wọ́tà náà sókè, omi búlúù ń kán tótó lára rẹ̀, ó ní, "Èyí ló gbó?"

Kiatéka ilé wa jókòó ti mí, ó ṣírò ohun tó lé lórí owó iná súmò láti ìgbà tí mo ti so bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ di tèmi, pẹ̀lú owó iṣẹ́ púlọ́ńbà. Mo bẹ̀ wọ́n kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbà. Ìyá Ìbejì nìkan ni kò gbà. Ó nawọ́ sí mi lójú gbogbo ilé.

"Bọ̀dá Lọ́yà, owó sóbò mi dà? Ẹ kó ti búlúù mọ́ ọn."