Kí Ni Imú Mi Ṣe fún Yín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo imú yìí. Bàbá mi ló fún mi, òun náà gbà á lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò sẹ́ni tó rà á lọ́jà nínú wa. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí, imú mi a di ẹjọ́, wọ́n á ní ó jọ ti Ìgbò.

Áḿpílífáyà ni mò ń tún ṣe ní ọjà Àlàbá l'Ékòó. Ọmọ Ìgbò, ará Nnewi, ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè wọn yó. Alhaji ni bàbá mi. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni ìyá mi ń lọ títí ó fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkòkòmáìkò, èmi ń kírun, mo sì dá irùngbọ̀n sí. Irú wa kún ilẹ̀ Yorùbá, a kì í kà á sí bàbàrà. Ẹ wá wo ohun tó kó bá mi.

Nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, Peter Obi ní ìbò 582,454 l'Ékòó, Bọ́lá Tinúbú ní 572,606. Ohun tó wà láàárín wọn kò tó ẹgbàárùn-ún, àmọ́ ariwo tó sọ, àfi bí ẹni pé wọ́n jí Èkó gbé lóru. Kó tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹta tí a ó dìbò gómìnà, "ta ló nilẹ̀?" ti gba ẹnu gbogbo èèyàn. Gbàdébọ̀ Rhodes-Vivour tó ń bá Babájídé Sanwó-Olú du ipò, àwọn kan ní kì í ṣe ọmọ wa, torí pé ọmọ Ìgbò ni ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Mo ní háà! Bí èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Èkó bá di àjèjì, kí ni wọ́n máa ṣe fún èmi tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìgbò?

Mi ò tíì débi àpótí ìbò tí àwọn ọmọ kan fi dá mi dúró.

"Bàbá, ọmọ ibo ni yín?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní Ìgbò lòun!"

Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní bí mo bá dá ara mi lójú, kí n ki oríkì ìlú mi. Mo bá kì í. Ẹni tó ní kí n kì í wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Ṣé òótọ́ ló ń sọ?" Ẹni tí kò mọ oríkì ìlú tirẹ̀ ló ń fún mi ní máàkì! Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ni fóònù mi dún, oníbàárà mi kan ló wà lórí ẹ̀, ó lọgun lédè Ìgbò pé "Nwanne m!" Ọ̀rọ̀ parí. Ilé ni mo gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ní 2015, Ọba Èkó, Rilwan Akíolú, sọ fún àwọn aṣáájú Ìgbò pé bí wọn kò bá dìbò gómìnà fún Akínwùnmí Ambọ̀dé, ọ̀sà ni wọ́n máa bá lọ. Ambọ̀dé wọlé. Nígbà tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ló já a kulẹ̀. Nínú gbogbo wa, Ambọ̀dé nìkan ló bá ọ̀sà lọ.

Tí imú bá simi, irùngbọ̀n á gba ẹjọ́ rò. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn apániláyà wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti St. Francis l'Ọ́wọ̀, wọ́n pa ó kéré tán ogójì èèyàn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n èwo ni tèmi níbẹ̀? Mo wọ dáńfó ní Ìyànà-Ìbà tòun ti jalabíà, mo gbé báàgì Ghana-must-go sórí ẹsẹ̀, wáyà yọ orí síta. Ìyá kan fọhùn: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti ṣófo. Kọ́ńdọ́ ti sá sọdá títì, ibẹ̀ ló ti ń pariwo: "Alfa, ẹ sanwó yín kó tó bú o!" Áḿpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú báàgì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀hún náà ò fara mọ́ mi. Nítorí pé Tinúbú àti Shettima, igbákejì rẹ̀, jọ jẹ́ Mùsùlùmí, ó ní àwa Mùsùlùmí fẹ́ gba Nàìjíríà. Mo rán an létí pé Pásítọ̀ ni ìyàwó Tinúbú, ní ìjọ Rìdíìmù. Ó ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Àwọn tiwa ní mọ́sálásí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé àsìkò ti tó. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, mo gbé jẹrikáàn lọ, mo sálámà dáadáa. Iye tí wọ́n tà á fún Pásítọ̀ ni wọ́n tà á fún mi.

Lóṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba wó ilé mélòó kan l'Álàbá. Ìjọba ní àwọn ilé náà ti ń dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kan ní ìbò tí àwọn dì ni wọ́n ń gbẹ̀san rẹ̀. Oníbàárà kan tó jẹ mí lówó kò dúró gbọ́ àlàyé apá méjèèjì, ó kẹ́rù, ó di Asaba. Àwọn tó ń kọ "kí wọ́n máa lọ" sórí WhatsApp, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san gbèsè yẹn fún mi?

Ẹ má rò pé òkè òkun sàn. Lóṣù kẹjọ 2024, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọdé ní Southport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irọ́ fò kiri pé Mùsùlùmí àtìpó ló ṣe é, ìlú gbóná. Ọmọ àbúrò mi ní Hull ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun àti ọmọ Ìgbò tí wọ́n jọ ń gbélé. Àwọn tó wà níta kò bi ẹnì kankan ní oríkì.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Rélùwéè tí wọ́n ní yóò ti Marina dé Òkòkòmáìkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹsàn-án 2023, Mile 2 ló ti já wọn sílẹ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà Badagry. Ìgbò, Haúsá, Ègùn, Yorùbá, gbogbo wa la jọ ń làágùn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń bi ara wa pé "ọmọ ta ni ọ́?", kò sẹ́ni tó máa rójú bi àwọn olóṣèlú pé "ọ̀nà dà?" Ó tẹ́ wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, olóṣèlú tó bá tún wá bá mi ní 2027 pé ká lé ẹnikẹ́ni, kó mú owó lọ́wọ́. Kó san èyí tí ẹni náà jẹ mí, kó san èyí tí èmi náà jẹ ẹ́, torí èyí tí mo jẹ ló pọ̀ jù.