Ilẹ̀kùn Houston, Ògiri Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Houston, Atlanta àti Maryland ti gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Home Depot ni wọ́n ń wò báyìí, bíríkìlà kò sì tíì to búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, tí ọmọ fi ti lórúkọ. Ilẹ̀kùn pálọ̀ nìyí. Ṣáwà yàrá Màámi nìyẹn. Fáànù yìí, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ilé tí wọ́n ń rajà fún gan-an, orí WhatsApp ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, a ò sì lè bá wọn wí jù. Ọdún 1978 ni Bernie Marcus àti Arthur Blank dá Home Depot, iléeṣẹ́ tó ń ta ohun ìkọ́lé, sílẹ̀. Ní 1979 ni ilé ìtajà méjì àkọ́kọ́ ṣí ní Atlanta. Iye owó wà lára ọjà, òṣìṣẹ́ tó wọ épírọ́ọ̀nù aláwọ̀ ọsàn ń rẹ́rìn-ín síni. Ẹni tó ti bá oníṣọ́ọ̀bù fa ọ̀rọ̀ títí ní ọjà Orílé ní Èkó nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan á rò pé òun ti dé Párádísè. Ohun tí wọn kò kọ sára páálí ni pé ilé Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ fún.

Ẹ wo ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú férémù rẹ̀ lódidi, férémù ọ̀hún kò sábà fẹ̀ ju ínǹṣì 4 àbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Igi ni egungun ògiri lọ́hùn-ún, igi tí wọ́n ń pè ní 2 sí 4. (Bí ẹ bá fi téèpù wọ̀n ọ́n, ínǹṣì 1 àbọ̀ sí 3 àbọ̀ lẹ máa bá, oyìnbó náà mọ ọjà tà.) Wọ́n á fi pátákó gypsum tó nípọn tó ààbọ̀ ínǹṣì bò ó níwá, wọ́n á fi òmíràn bò ó lẹ́yìn: 4 àbọ̀ pé géérégé. Ògiri Ìbàdàn ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9 ni, wọ́n á tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú méjèèjì, á di bí 10. Férémù Texas á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé tó gbé agbádá bàbá rẹ̀ wọ̀. Káfíńtà á yí i po, á mi orí, á tẹ Amẹ́ríkà láago: “Ọ̀gá, ilẹ̀kùn yín ti dé o. Ẹ bá wa fi ògiri rẹ̀ náà ránṣẹ́.” Ìgbẹ̀yìn ni kí wọ́n lọ ra pákó ní Bódìjà, kí wọ́n fi dí àlàfo ilẹ̀kùn tó ti la òkun kọjá.

Ti iná tún burú. 120 fóòtì ni ilé Amẹ́ríkà ń lò, 230 sí 240 ni tiwa. Ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì tó bá sì gba ìlọ́po méjì fóòtì tirẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tó máa gbé e jó. Wọ́n á ní tiransífọ́mà wà. Ó wà lóòótọ́, ó lè sọ 240 di 120, àmọ́ iná wa tó ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní tìtorí rẹ̀ di 60 ti Amẹ́ríkà, fáànù á sì máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ohun tó ń kó fáànù bẹ́ẹ̀ yọ ládùúgbò mìíràn ni pé àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA kì í fi bẹ́ẹ̀ mú iná wá.

Ṣùgbọ́n ṣáwà ni baba ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ṣáwà má da ju gálọ́ọ̀nù 2.5 lọ níṣẹ́jú kan, bí agbára omi bá jẹ́ psi 80 lórí ìwọ̀n tiwọn. Kí táǹkì lásán tó lè ti omi pẹ̀lú irú agbára yẹn, ó ní láti ga tó mítà 56. Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀, tó ga tó mítà 105, ẹ gbé táǹkì gùn ún kọjá ìdajì nìyẹn. Lóòótọ́, ṣáwà kò nílò gbogbo ìyẹn kó tó dà, ṣùgbọ́n táǹkì Akóbọ̀ kò ga ju àjà ilé lọ, olórí ṣáwà sì fẹ̀ bí àwo ìyán. Màámi á dúró lábẹ́ rẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó, wọ́n á pe ọmọ ọmọ wọn kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Púlọ́ńbà gan-an ti jìyà kó tó so ó mọ́ ògiri, nítorí ìlà ìdè páìpù Amẹ́ríkà gé ní igun ìwọ̀n 60, ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ń lò gé ní 55. Ó fi téèpù funfun wé e títí, ó ṣì ń jò.

Ti àwọn ará London sàn díẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ìlànà rẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 1947 làwa náà jogún, iná wa sì bára mu. Tiwọn ni kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, èyí tó máa ń wú bí omi bá ti ráyè wọ inú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá yí páálí táìlì tàbí ti abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ padà, Ṣáínà ni wọ́n máa rí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú Foshan ń ṣe irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ayé, àwọn oníṣòwò Orílé náà sì ń kó o láti Ṣáínà tààrà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe táìlì wà ní Àjàòkúta pàápàá. Ẹ̀gbọ́n á ra ti Ṣáínà ní Texas, á sanwó ọkọ̀ ojú omi, á tún san ti kọ́sítọ́ọ̀mù ní Àpápá.

Téèpù ìwọnlé wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù ní Home Depot, káfíńtà Akóbọ̀ náà sì ní tirẹ̀ lápò. Àbúrò tó wà nílé lè nà án lórí fídíò kí ẹ̀gbọ́n kọ gíga, fífẹ̀ àti ìnípọn ògiri sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n bá pè, wọn kì í béèrè ògiri. “Ṣé kọ̀nténà ti dé?” ni wọ́n máa ń béèrè. Àbúrò á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé o. Ẹ fowó kún owó.”