Bad Kì í Ṣe Good, Ẹ̀yin Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀, ẹ jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tó wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kékeré kan báyìí ni, lẹ́tà mẹ́ta péré: bad.

Pàṣán ni tíṣà fi kọ́ àwa: bad, worse, worst. Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ pé badder, ìdí rẹ̀ ló máa ń jẹ́jọ́. Àfi bí Davido ṣe dé, ọmọ bàbá olówó, ó ní Baddest lòun. Ọmọ yìí kan náà ló gbé àwo A Good Time jáde ní 2019, tó gbé A Better Time jáde ní 2020. A jókòó, à ń retí Best. Timeless ló gbé wá ní 2023. Ẹ ò rí i pé ó mọ gírámà? Ó mọ̀ ọ́n kó tó ṣẹ̀ ẹ́ ni, èyí ló sì dùn mí jù.

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster ti àwọn ará Amẹ́ríkà, kí n lè fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo bá badder àti baddest níbẹ̀, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀. Wọ́n kọ slang sí wọn lára lóòótọ́, àmọ́ ìtumọ̀ tí wọ́n fún wọn ni good àti great. Ìwé tí a ní kó wá ṣe adájọ́ fún wa, òun náà ti gba rìbá!

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru Michael Jackson. Òótọ́ ni pé ní 1987 ló gbé àwo Bad jáde, tí Martin Scorsese sì ya fíìmù orin náà ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan ní Brooklyn, tí ọmọ ọlọ́mọ wọ aṣọ awọ, tó ń kígbe fáyé pé òun burú. Ṣùgbọ́n ó bá a nílẹ̀ ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí i. Bí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ́ ìyìn, wọ́n á fa fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn: baaad. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ nílé, irú ìyẹn kò yẹ kó rú yín lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í fà á! Orí WhatsApp lẹ ń kọ ọ́ sí, ní gbígbẹ: "Mummy, ẹ̀fọ́ yẹn bad gan." Ìyá tó wà lọ́jà ka èyí, kò rí ọjà tà mọ́, ó ń rò ó bóyá irú ló bàjẹ́ ni àbí epo.

Ẹ gbé e dé London wò. Ọ̀gá yín ṣe iṣẹ́ tó wú yín lórí, ẹ ní, "You too bad!" Òyìnbó tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan ẹni bá bàjẹ́ ló máa ń sọ pé too bad, á rò pé ẹ ń bá òun kẹ́dùn. Àwọn náà kò kúkú mọ́ lọ́wọ́ o: bí inú wọn bá dùn dé góńgó, not bad ni wọ́n máa sọ.

Baddie ni mi ò lè gbà láéláé. Ìwé ní ọ̀tá akọni inú fíìmù ni. Lórí Instagram, ó di ọmọge arẹwà tó dá ara rẹ̀ lójú. Ọmọkùnrin kan á jókòó sí pálọ̀ mi, á pe ọmọ mi ní ọ̀daràn, á sì tún retí kí n gba iṣu ìdána lọ́wọ́ òun?

Alágídí kan láàárín yín wá ń bi mí pé, ṣebí àwa àgbà náà máa ń ní ẹmu dùn burúkú. Mo ní kó dìde nílẹ̀. Burúkú tiwa, àṣà ni. Bad tiyín, ìranù ni. Bí a bá kí Aláàfin ní Ikú Bàbá Yèyé, ta ló sá jáde láàfin?

Kò tíì jókòó tó fi gbé David Dalby dé, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọkùnrin náà ti sọ ọ́ láti nǹkan bí 1972 pé ó jọ pé láti Áfíríkà ni àṣà yìí ti bá ẹrú wọ ọkọ̀ dé Amẹ́ríkà. Pé àwọn Mandinka náà máa ń sọ pé nǹkan dára burúkú, Krio ilẹ̀ Sàró sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Sàró kẹ̀! Níbi tí wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí bí nǹkan míì!

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti yí padà. Èdè Òyìnbó kọ́ lẹ ń bà jẹ́. Ẹrù àwọn bàbá wa lẹ ń lò láìtọrọ àyè, èyí tó burú jù ú lọ. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ pe ohun tó dára ní bad, kó kọ́kọ́ wá gbàṣẹ lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú obì àti agbè ẹmu kan. Kí ẹmu náà sì dùn burúkú.